Gbèsè Ìṣẹ́jú Àáyá Méjì

Bàbá bàbá mi lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn onígbèsè
ní Ọ̀ffà, ní Ìkìrun,
ó ní òun ò ní dìde àfi bí owó aṣọ òun bá pé.
Èmi náà lóṣòó láàárọ̀ yìí,
ṣùgbọ́n taya ẹ̀yìn Góòfù ni mo lóṣòó tì,
mo ń fi géèjì wọn atẹ́gùn inú ẹ̀.
Ọgbọ̀n. Ó pọ̀ jù.
Mo tú u sílẹ̀ díẹ̀, ṣíìì,
títí ó fi di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni títì yìí jẹ mí.
N ò ní dìde.

Lẹ́yìn Òkè Ìmọ̀ ni títì ọ̀hún wà.
Kọ́ńtírákítọ̀ da ọ̀dà sí i, ó gbowó, ó bá tirẹ̀ lọ.
Kò já sí Àkúrẹ́, kò já sí Ifẹ̀,
ó kàn yí po bí ẹni tó gbàgbé ohun tó jáde wá rà,
ó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.
Sátidé àkọ́kọ́ lóṣù la máa ń pàdé níbẹ̀:
àgbá epo mẹ́fà, taya àlòkù,
Fìjàbí pẹ̀lú aago lọ́rùn,
Nọ́ọ̀sì Ọmọ́tẹ́wà nínú Máíkírà rẹ̀
tí a kì í bá, àfi bí ó bá dúró bu omi mu.
Kò sí ife ẹ̀yẹ.
Wọ́n á kàn kọ àsìkò rẹ sórí páálí, wàá sì máa wò ó.

Ìwé ọkọ̀ ní àádọ́rùn-ún ẹṣin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì náà.
"Ogún ti kú," ni Ògúnlúsì wí,
"mẹ́wàá ti yarọ."
Ó fi èèkù sikurudíráfà ti etí,
ó fi ẹnu ẹ̀ kan irin, ó dijú
bí ìyá tó ń gbọ́ èémí ọmọ lóru.
Pílọ́ọ̀gì kẹta ló ń wúkọ́.
Ó yọ ọ́, ó fi sáńpépà ha á,
ó yí kábúrétọ̀ bíńtín, bí ẹni yí etí ọmọ,
ohùn ọkọ̀ sì kúrò ní àròyé, ó di ìtàn.

Ìgbà náà ló wo ẹ̀yìn. "Àga yìí wúwo. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́."
Bóòtù mẹ́rin. A gbé e sórí koríko.
Lábẹ́ ẹ̀: èèpo ẹ̀pà,
kọ́bọ̀ kan tí ò rajà mọ́,
òwú ìdìrun dúdú.
Ibẹ̀ ni Màmá máa ń jókòó, lápá ọ̀tún,
tó ń pa ẹ̀pà, tó ń kìlọ̀:
"Adéwùsì, rọra. Ibi tí à ń lọ ò ní sá."
Ògúnlúsì nawọ́ sí ìgbálẹ̀.
Mo ní, fi sílẹ̀.
Mélòó ni èèpo ẹ̀pà wọ̀n?

Mo wọlé. Fìjàbí ju ọwọ́ sílẹ̀.
Jíà kejì, ìkẹta, àwọn ọ̀pẹ ẹ̀gbẹ́ títì di ọ̀kan ṣoṣo.
Ní kọ́nà, tẹ bíréèkì kí o tó rò pé ó tó,
wọlé jẹ́jẹ́, má wo àgbá, wo ibi tí ò ń lọ,
torí ohun tójú bá tẹjú mọ́ lọkọ̀ ń lọ bá.
Ọdún márùn-ún ló gbà mí kí n tó gba èyí gbọ́.
Ní kọ́nà kẹta, ìdí ọkọ̀ tó ti fúyẹ́ fẹ́ jó lọ,
èèpo ẹ̀pà fò sókè, ọ̀kan bà lé mi léjìká.
Mo rọra.
Ibẹ̀ gan-an ni mo ti yára.

Fìjàbí wo aago, ó tún un wò.
Ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ ti wọlé.
Ọmọ́tẹ́wà rẹ́rìn-ín, ó na ike omi sí mi.

Mo di àga padà, bóòtù mẹ́rin,
torí ọ̀la Sọ́ńdè ni, èèyàn mẹ́ta ni mo máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.
Mo rọra wakọ̀ wọ̀lú, bọ́ọ̀sì kan ń fọn fèrè lẹ́yìn mi
pé kí n kúrò lọ́nà, àgbàlagbà.
Ó ku ààbọ̀ lọ́wọ́ títì.